Oòrùn tí wọ́n yọ kúrò lára àsíá

Àkúrẹ́ ni wọ́n bí mi sí, Nàìjíríà sì ni orílẹ̀-èdè mi. Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a máa ń tò láràárọ̀, a ó kọjú sí òpó àsíá, a ó sì kọ orin orílẹ̀-èdè kí a tó wọ kíláàsì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún wa rí pé ọmọ Yorùbá ló ya àsíá náà.

Táíwò Michael Akínkúnmi ni orúkọ rẹ̀. London ló ti ń kàwé nígbà tí ó rí ìkéde pé wọ́n ń wá àwòrán àsíá fún orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gba òmìnira, ó sì fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Àwọ̀ ewé dúró fún ilẹ̀ wa tó lọ́ràá àti iṣẹ́ àgbẹ̀, funfun àárín sì dúró fún àlàáfíà àti ìṣọ̀kan. Ó ya oòrùn pupa sí inú funfun náà, àmọ́ àwọn tó yan àwòrán rẹ̀ yọ oòrùn yìí kúrò kí wọ́n tó fa àsíá náà sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1960. Mo gbà pé bó ṣe wà yìí rẹwà, nítorí ọmọdé lásán lè yà á láìwo àwòkọ; síbẹ̀, èmi ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìpínlẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń fi ìtànṣán oòrùn kì, ìbá wù mí kí oòrùn náà ṣẹ́kù. Ọdún 2014 ni ìjọba àpapọ̀ tó fi oyè OFR dá Akínkúnmi lọ́lá, ìgbà tí ó ti darúgbó. Ìbàdàn ló kú sí ní ọdún 2023.

Ti àmì àṣẹ ìjọba, tí idì pupa bà lé orí rẹ̀, tí ẹṣin funfun méjì sì dúró tì í, ó pẹ́ kí ó tó yé mi. Ọ̀nà tó yapa ni mo máa ń pe ìlà funfun orí apata dúdú náà, àfi ìgbà tí mo gba Ọ̀wọ̀ àti Ìkàrẹ́ kọjá dé Lọ́kọ́jà, tí mo rí odò Ọya àti odò Bẹ́núé, omi méjì tí àwọ̀ wọn kò jọra, tí wọ́n ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó di ọ̀kan. Dúdú apata náà ni ilẹ̀ tí wọ́n ń bomi rin.

Orin tí èmi kọ nílé-ẹ̀kọ́ kọ́ ni àwọn ọmọ mi ń kọ báyìí, nítorí pé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni ìjọba dá orin òmìnira, èyí tí wọ́n pa tì ní ọdún 1978, padà. Màámi ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Àwọn ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ wọn ní ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ kan lẹ́yìn òmíràn, èmi náà sì ń kọ́ ọ lẹ́yìn wọn.