Ibi tí Màámi ti bọ́ bàtà ní Schiphol

Láti ọjọ́ tí a ti padà dé Àkúrẹ́ ni àwọn ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ ti ń bi mí pé, "Ìyá Ìbejì, báwo lẹ ṣe kó àwọn ọmọ wọ bàálù lọ sókè òkun?" Rotterdam, ní ilẹ̀ Netherlands, ni bàbá àwọn ọmọ ti ń ṣiṣẹ́. Èmi àti màámi la kó Táyé àti Kẹ́hìndé lọ bá a, oṣù 14 ni wọ́n nígbà náà. Láti Ọba-Ilé, a gba Oǹdó, a gba Ọ̀rẹ̀ dé Èkó, ká tó wá wọ bàálù.

Ẹ̀rù ìrìn àjò náà ti ń bà mí tẹ́lẹ̀, mo sì nídìí. Ní pápákọ̀ òfuurufú kan tí n kò ní dárúkọ, nígbà tí wọ́n ṣì kéré sí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ilé ìtọ̀ ni mo ti pààrọ̀ pámpásì Kẹ́hìndé. Mo tẹ́ ìró mi sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ tì í. Màámi pọn Táyé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ ọmọ mọ́lẹ̀. N kò ró ìró yẹn mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó dùn mí wọnú egungun.

Ìgbà tí à ń bọ̀ wálé ni mo rí òdìkejì rẹ̀ ní Schiphol, pápákọ̀ Amsterdam. A ti kọjá ibi àyẹ̀wò, ó ku wákàtí mẹ́rin kí bàálù gbéra, Táyé sì ti ń ké bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ wo ojú wa, kò sọ̀rọ̀, ó kàn nàka. Yàrá àwọn ọmọ ọwọ́ ló nàka sí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibùsùn ọmọ wà níbẹ̀, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí wọn po, àga ìyá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi ìwẹ̀ ọmọ wà, omi ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀rọ tí mo fi mú ògì wọn gbóná náà wà. A ò san kọ́bọ̀. Mo wẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi òrí pa wọ́n lára, mo fún wọn lọ́mú. Kẹ́hìndé di etí ara rẹ̀ mú bó ti máa ń ṣe, ó sùn lọ. Ìgbà yẹn ni màámi bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti wú, ó ní, "Ọmọ mi, àwọn tó kọ́ ibí yìí ti tọ́mọ rí."

Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn ní ohun tó ga ju èyí lọ. Ọgbà labalábá wà nínú Changi, pápákọ̀ Singapore, pẹ̀lú ibi tí ọmọ ti lè yọ̀ ṣẹ̀rẹ̀rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, tó ga tó mítà 12. Láti 2023, ní pápákọ̀ Dubai, àwọn ọmọ ọdún 4 sí 12 ní ibi tiwọn tí wọ́n ti ń lu páàsìpọ́ọ̀tù wọn lóǹtẹ̀. Ó dára púpọ̀ fún ọmọ tó ti ń sáré. Ṣùgbọ́n ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣì ń mu ọmú, omi àti ibi tó lè tẹ́ ọmọ sí ló ń wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìrìn àjò, ẹ má bẹ̀rù láti gbé oúnjẹ ọmọ dání. Òfin mílílítà 100 tí wọ́n fi ń gba nǹkan olómi lọ́wọ́ èèyàn kò de wàrà àti oúnjẹ ọmọ. Ẹ ṣáà mú un jáde kí wọ́n wò ó. Bí bàálù bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi ọmú sọ́mọ lẹ́nu, nítorí bó bá ń gbé e mì, etí kò ní dùn ún púpọ̀. Ìbejì ni tiyín? Ẹ mú àgbàlagbà kejì dání, torí ọmọ kan péré ni wọ́n ń gbà kí ẹnì kan gbé lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ pápákọ̀ tàbí tí ẹ ń tún un ṣe nílẹ̀ wa, mo bẹ̀ yín. Kì í ṣe ọgbà labalábá là ń bèèrè. Yàrá kan tó ní ilẹ̀kùn, àga kan, ẹ̀rọ omi kan, àti tábìlì tí a lè ṣí lára ògiri. Káfíńtà tó ṣe ibùsùn àwọn ìbejì mi ní Alágbàkà lè kan tábìlì yẹn láàárín ọjọ́ méjì.