Bí mo ṣe kó èrò gun òkè Kilimanjaro

Àwọn tó fẹ́ bá mi gun Kilimanjaro máa ń bi mí bóyá ẹsẹ̀ àwọn á lè gbé e. Èémí ni kí wọ́n máa bi mí. Òkè náà ga tó 5,895 mítà, tí a bá sì dé téńté rẹ̀, ọ́síjìn tí à ń mí símú kò ju bí ìdajì èyí tó wà létí òkun.

Ìjọba Tàǹsáníà kò gbà kí ẹnikẹ́ni gùn ún láìsí atọ́nà tó ní ìwé àṣẹ. Èmi ni mo kó èrò wá, àmọ́ ọmọ ibẹ̀ ló ń léwájú wa. Ní ẹnubodè Machame, a kọ orúkọ sílẹ̀, wọ́n sì wọn ẹrù àwọn alárù. Kò gbọdọ̀ ju 20 kílò lọ lórí ẹnì kan. Mo máa ń dúró ti òṣùwọ̀n yẹn títí wọ́n á fi wọn ti ẹni ìkẹyìn, torí àwọn ọmọ yẹn ló ń ru àgọ́ àti oúnjẹ wa.

Ẹni tí kò lè yára rìn ni mo fi tẹ̀ lé atọ́nà, kí ìrìn rẹ̀ lè di ìrìn gbogbo wa. Èmi wà lẹ́yìn pátápátá. Ẹni tó ń ráhùn kì í já mi láyà. Ẹni tó ti ń ṣàwàdà láti àárọ̀ tó wá dákẹ́ lójijì ni mo máa ń ṣọ́.

Lọ́jọ́ tí a gun òkè dé Lava Tower, àpáta ńlá kan tó wà ní nǹkan bí 4,600 mítà sókè, tí a tún sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn ní àgọ́ Barranco, inú bí àwọn kan. Mo ṣàlàyé pé ara ń kọ́ afẹ́fẹ́ òkè lọ́sàn-án, ó sì ń sinmi nísàlẹ̀ lóru. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá kan ò fọwọ́ kan oúnjẹ.

“Bàbá, ṣé orí ń fọ́ yín?”

“Díẹ̀ ni, ọmọ mi.”

Mo ní kí wọ́n rìn lórí ìlà kan, kí gìgísẹ̀ máa kan ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí n lè mọ̀ bóyá àìtó ọ́síjìn ti ń da ọpọlọ wọn láàmú. Wọn ò ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ká ní wọ́n ta ni, òru yẹn là bá sọ̀ kalẹ̀.

Ti ìyá kan ló dùn mí jù. Lóru tí a kúrò ní Barafu, àgọ́ tó kẹ́yìn, lọ sí téńté, èébì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn, orí ń fọ́ wọn gidi. Wọ́n bẹ̀ mí; wọ́n rán mi létí owó tí wọ́n ná. Ṣùgbọ́n kí a tó kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì ni gbogbo wa ti fohùn ṣọ̀kan pé tí atọ́nà bá ní kí ẹnì kan padà, kò sí àríyànjiyàn. Igbákejì atọ́nà mú wọn sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí a padà bá wọn nísàlẹ̀, wọn ò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n orí ò fọ́ wọn mọ́, wọ́n sì ti jẹun.