Omi Ló Ń Yan Ìdẹ

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, oṣù Ẹrẹ́nà

Àbúrò mi kan tí a jọ wọ ọkọ̀ ojú omi lónìí lórí adágún Sam Rayburn, ní ìlà-oòrùn Texas, béèrè ohun tí gbogbo ẹni tí ó bá ń kọ́ bí a ṣe ń fi ìwọ̀ mú ẹja bass ẹlẹ́nu-ńlá máa ń béèrè: "Ẹ̀gbọ́n, nínú gbogbo ìdẹ tí ẹ kó sínú àpótí yìí, èwo ló ń pẹja jù?" Mo ní kí ó kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ omi ná. Láti ìgbà ọmọdé mi, tí mo ń fi ekòló dẹ ẹja létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, títí di àsìkò yìí tí mo ti di ará Houston, ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí: omi ni ó ń yan ìdẹ, apẹja kàn ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu ni.

Ara ẹja kì í dá móoru fúnra rẹ̀. Bí omi bá ṣe rí ni ara ẹja máa ń rí. Nígbà tí omi bá tutù, oúnjẹ kì í tètè dà nínú bass, kì í sì í fi agbára ṣòfò láti lé ohun tí ó bá ń sáré. Bí ooru omi bá wá súnmọ́ 60 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, tí ó sì ń lọ sókè, àwọn ẹja náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nínú ibú, wọn á máa bọ̀ níbi tí omi kò ti jìn, níbi tí àwọn akọ yóò ti gbẹ́ ìtẹ́ tí àwọn abo yóò yé ẹyin sí. Ní òwúrọ̀ yìí, 58 ni ẹ̀rọ inú ọkọ̀ kà. Ìyẹn nìkan ti tó láti júwe ọ̀nà etí hydrilla, koríko tí ń hù lábẹ́ omi, fún mi.

Ní àsìkò yìí ni àwọn edé ńlá inú omi dídùn, àwọn tí wọ́n ní ọwọ́ bíi ti alákàn, máa ń jáde láti inú ihò wọn, ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń pọ́n. Ìdí nìyí tí àwọn apẹja Rayburn fi fẹ́ràn ìdẹ pupa pẹlẹbẹ tí wọ́n kó àwọn ọta kéékèèké sí nínú, tí ó ń dún bíi ṣaworo bí a bá ń fà á. Èyí tí Bill Lewis ṣe ní Louisiana, tí wọ́n ń pè ní Rat-L-Trap, ni ó gbajúmọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa jù ú, wọn a sì máa ká okùn wọlé láìdúró títí yóò fi dé ọkọ̀. Ẹja a máa gbé e bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ó sàn púpọ̀ kí a jẹ́ kí ó rì títí yóò fi kan orí koríko, kí koríko mú un díẹ̀, kí a wá fi ọ̀pá já a gbà lójijì, kí a sì tún jẹ́ kí ó máa rì lọ. Ní ìṣẹ́jú àáyá tí ó já bọ́ yẹn gan-an ni ẹja máa ń gbá a mú. Ọ̀pá tí orí rẹ̀ rọ̀ ni mo ń lò fún un, nítorí pé àwọn ìwọ̀ ẹlẹ́nu-mẹ́ta tí ó wà lára rẹ̀ kéré, ọ̀pá líle a sì máa fà wọ́n já kúrò lẹ́nu ẹja.

Kí ó tó di ọ̀sán, afẹ́fẹ́ yí sí àríwá, ojú ọ̀run mọ́ kedere, ẹja kò sì jẹun mọ́. Nígbà tí òtútù bá wọlé báyìí, bass kì í lọ jìnnà; ńṣe ni ó máa ń wọ inú koríko tàbí kí ó lẹ̀ mọ́ ìdí igi tí omi bò mọ́lẹ̀, kò sì ní jáde láti lé ohunkóhun. Ìdẹ tí yóò wọlé tọ̀ ọ́ ni a nílò, mo sì mú ekòló oníke. Nick Creme ni ó ṣe irú rẹ̀ jáde ní Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní 1949, kí ó tó kó iṣẹ́ rẹ̀ wá sí Tyler ní Texas níhìn-ín. Bí wọ́n bá ní kí n mú ìdẹ kan ṣoṣo dání títí ayé, ekòló yìí ni n ó mú, n kò sì ní bojú wẹ̀yìn.

Bí a ṣe ń dè é lọ́nà ti Texas nìyí. Òjé tí orí rẹ̀ ṣóńṣó ni a ó kọ́kọ́ ti okùn bọ̀, kí a tó so ìwọ̀. A ó ki ẹnu ìwọ̀ bọ orí ekòló, a ó yọ ọ́ síta, a ó yí i padà, a ó sì tún rì í mọ́ inú ara ekòló náà kí ó má bàa kọ́ koríko tàbí igi. Lẹ́yìn tí a bá jù ú, kí a má ṣe fa okùn le. Ìgbà tí ó bá ń rì lọ ni ọ̀pọ̀ ẹja ń gbé e. Bí ó bá délẹ̀, kí a gbé orí ọ̀pá sókè díẹ̀díẹ̀, kí a dúró, kí a tún gbé e. Ẹja lè ta á tọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì lè má ta á rárá, kí ó jẹ́ pé okùn ni a ó kàn rí tí ń rìn gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Nígbà náà ni a ó rẹ ọ̀pá sílẹ̀, a ó ká okùn tí ó dẹ̀, a ó sì fa ọ̀pá pẹ̀lú agbára, nítorí ìwọ̀ ní láti la ike kọjá kí ó tó kan ẹran ẹnu ẹja. Ọwọ́ àbúrò mi yá jù ní ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ó máa mí sínú, kí ó mí síta, kí ó tó tún gbé ọ̀pá, kò sì pẹ́ tí ẹja fi fà á.

Ní ti àwọ̀ ìdẹ, mo rò pé owó púpọ̀ ni àwọn apẹja ń fi ṣòfò lórí rẹ̀. Bí omi bá mọ́, àwọ̀ ewé àti ti ilẹ̀ ti tó. Bí ó bá dàrú, dúdú tí ó ní búlúù díẹ̀ nínú ni mo ń lò. Nínú omi tí ó dàrú, bass ń fi ìlà tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ mọ ìmìtìtì ohun tí ń kọjá, nítorí náà bí ìdẹ ṣe ń mi omi ṣe pàtàkì ju ọ̀dà ara rẹ̀ lọ.

George Perry, apẹja tí ó mú bass oníwọ̀n kílò 10, ọ̀kan nínú èyí tí ó tóbi jù tí a tíì mú rí, ní Georgia ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 1932, gbé ẹja náà lọ sílé fún jíjẹ, kò sì sí ẹ̀bi níbẹ̀; ìgbà ìṣòro ni, ebi sì ń pa ènìyàn. Èmi náà ti ibi tí a ti ń pẹja fún ọbẹ̀ wá. Òfin Texas fàyè gba bass 5 lóòjọ́ níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù yìí tí ẹyin kún inú àwọn abo, n kì í mú ọ̀kankan lọ. A rẹ ọwọ́ wa sínú omi kí a tó fọwọ́ kan èyí tí àbúrò mi mú, ó di ètè rẹ̀ mú, ó fi ọwọ́ kejì gbé ikùn rẹ̀ ró, ó sì dá a padà sínú adágún. Bí ooru omi bá ti kọjá 65 kí a tó tún lọ, a ó fi àwọn ìtẹ́ tí ó wà létí omi sílẹ̀ fún àwọn akọ tí ń ṣọ́ ẹyin, a ó sì máa dẹ ìwọ̀ síbi tí omi ti jìn díẹ̀, níbi tí àwọn abo máa ń sinmi sí lẹ́yìn ìyẹ́yin.