Táyà tó fẹ̀ tí mo rà fún Corolla mi

Àbúrò ọkọ mi ló ní ẹsẹ̀ Corolla mi tín-ín-rín bíi ti lékeléke. "Ìyá Tólú, ẹ ra táyà tó fẹ̀, yóò di ilẹ̀ mú dáadáa." Èmi náà ń wá iyì. Bí mo ṣe lọ ra tòkúnbọ̀ mẹ́rin nìyẹn, 225/60R15, mo fi rọ́pò 195/65R15 tó bá ọkọ̀ wá. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn ni ìbú táyà ní mìlímítà, 15 tó gbẹ̀yìn ni ìnṣì ríìmù.

Ó wù mí í wò fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní Sátidé, à ń lọ síbi òkú láti Abẹ́òkúta sí Ìmẹ̀kọ, èèyàn márùn-ún nínú ọkọ̀, kúlà oúnjẹ nínú búùtù. Gbogbo kòtò tí a bá já sí, táyà á ha ike abẹ́ fẹ́ńdà: hààrà! Bí mo bá yí sítíárìn dé òpin, hààrà! Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó mi, kí ló ń sunkún lábẹ́ mọ́tò yìí?" Nígbà tí à ń bọ̀, òjò dé. Níbi tí omi dúró sí lójú títì, sítíárìn ṣàdédé fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bíi pé n kò di nǹkan kan mú. Táyà tó fẹ̀ jù kì í tètè la omi kọjá kan ilẹ̀. Tèmi tún wá jẹ́ tòkúnbọ̀ tí ojú rẹ̀ ti jẹ.

Ní Mọ́ńdè, bàbá fọkanáísà àdúgbò wa tú ẹsẹ̀ kan, wọ́n fi àkísà nu inú ríìmù. "Tíṣà, ẹ kà á." Mo kà á: 15×6J. Láti òkè dé ilẹ̀, ìnṣì 15. Ìbú rẹ̀, ìnṣì 6. Gbogbo wa la máa ń béèrè 15 yẹn, 6 yìí ló sì ń sọ bí táyà ṣe lè fẹ̀ tó. 195 bá a mu, 205/60 náà kò burú. Ṣùgbọ́n 225? Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yọ síta bí ikùn ẹni tó yó, àárín ojú rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ jẹ. Mìlímítà 30 ló fi fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, 15 sínú, 15 síta, ó sì tún fi bíi 8 ga sókè sí fẹ́ńdà. Ìyẹn ló ń sunkún.

Mo padà sí 195/65. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá, 2719 ló gbẹ̀yìn DOT rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ táyà tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: ọ̀sẹ̀ 27 ọdún 2019. Ó ti pẹ́ jù. Mo ní kí wọ́n gbé e padà. Ohun tó dùn mí jù ni pé ìwọ̀n táyà náà wà lára àlẹ̀mọ́ inú férémù ilẹ̀kùn dírẹ́bà, kedere. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn.