Kolmanskop: ìlú dáyámọ́ńdì tí iyanrìn ń gbé mì

Ẹ̀yin ará, mo dé Kolmanskop lónìí! Nàmíbíà ni, ìtòsí Lüderitz, nínú aṣálẹ̀ Namib. Ilé táwọn ará Jámánì kọ́ ṣì dúró, àmọ́ iyanrìn ló ń gbé inú wọn báyìí. Nínú ọ̀kan tí mo wọ̀, iyanrìn mù mí dé ìbàdí, ó há ilẹ̀kùn mọ́ àárín, ẹ̀gbẹ́ ni mo fi gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ṣì wà lókè ògiri, ó ń bó.

Ilé ìwòsàn wọn ló yà mí lẹ́nu jù, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn lọ réré. Wọ́n ní ẹ̀rọ X-ray níbẹ̀ láyé ìgbà yẹn! Wọ́n tún ní ilé iṣẹ́ yìnyín àti gbọ̀ngàn ijó. Owó dáyámọ́ńdì ló ṣe gbogbo ẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí èyí tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní apá gúúsù, làwọn èèyàn bá ń kó lọ. Nígbà tó fi máa di 1956, ìlú ti dahoro.

Ṣùgbọ́n Zacharias Lewala ni kò kúrò lọ́kàn mi. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni. Lọ́dún 1908, níbi tó ti ń kó iyanrìn kúrò lójú irin, ó rí òkúta tó ń dán, ó mú un lọ fún ọ̀gá rẹ̀, August Stauch. Stauch di olówó rẹpẹtẹ, Lewala ò rí nǹkan kan gbà. Ó dùn mí wọra. Ẹ bá mi dárúkọ rẹ̀ fáwọn ọmọ yín.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, ìwé àṣẹ ni wọ́n fi ń wọlé. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, nítorí atẹ́gùn ọ̀sán ibẹ̀ le.