Wọ́n fò mí dá, ẹni tí wọ́n gbé síbẹ̀ tún ní kí n wá kọ́ òun níṣẹ́

Ímeèlì yẹn wọlé lọ́jọ́ Fúráìdè, aago mẹ́rin ku díẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó ń bọ̀, torí ó ti tó oṣù méjì tí ọ̀gá wa àtijọ́ ti lọ, àga ẹ̀ ṣófo, èmi ni mo sì ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ mọ́ tèmi látìgbà yẹn. Kí n má parọ́ fún yín, nínú ọkàn mi mo ti jókòó sórí àga yẹn tipẹ́. Mo tiẹ̀ ti tẹ orúkọ mi síbi tó máa ń wà nísàlẹ̀ ímeèlì, mo fi oyè tuntun yẹn tì í, mo wò ó bó ṣe rí, mo tètè pa á rẹ́ bí ẹni tó jí nǹkan.

Mo ṣí ímeèlì. "Inú wa dùn láti kéde fún yín pé..." Mo ka orúkọ tó tẹ̀ lé e. Mo tún un kà. Kì í ṣe tèmi.

Ara mi bù máṣọ. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ẹnì kankan ò wò mí o, mo kàn jókòó síbẹ̀ tí mò ń rẹ́rìn-ín sí kọ̀ǹpútà. Kò pẹ́ ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún, gbogbo ará tíìmù ti ń kọ kú oríire sórí WhatsApp, ọ̀kan ò tíì tán tí òmíì fi ń dé, mo sì mọ̀ pé tí mi ò bá tètè kọ tèmi wọ́n á fura. Mo kọ "Kú oríire o, ó tọ́ sí ẹ." Mo pa "ó tọ́ sí ẹ" rẹ́. Mo dá a padà. Mo tún pa á rẹ́. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ níkẹyìn ò ju "Kú oríire o" àti àwòrán àtẹ́wọ́ lọ, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni mo sì fi kọ ọ, mo wo aago.

Ẹni tí wọ́n fún kì í ṣe èèyàn burúkú, ohun tó tiẹ̀ mú kó le nìyẹn. Ká ní ọ̀lẹ ni, tàbí àwọn tó ń ṣe ojú ayé fún ọ̀gá, ǹ bá bínú sí i kí ara tù mí. Ọmọ náà já fáfá. Èmi ni mo mú un yíká ọ́fíìsì lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, mo fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé hàn án, mo sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ìwé bá há sí i lọ́nà. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí látọjọ́ yẹn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo èyí." Èmi náà á ní, "Gbé e wá jàre, kí lo tún bàjẹ́?"

Ẹ wá wo wàhálà tó kò mí lójú ní Mọ́ńdè. Àwọn òyìnbó ò níṣòro, "you" ni ọ̀gá, "you" ni ọmọọṣẹ́. Àwa ńkọ́? Ṣé kí n wá máa ní "ẹ káàárọ̀ mà" fún ẹni tí mò ń ní "kí lo tún bàjẹ́" fún lọ́sẹ̀ tó kọjá? Tí mo bá sì ń pe ọ̀gá ní "o" níwájú gbogbo èèyàn nínú mítìn, wọ́n á ní ìlara ló ń yọ mí lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ, kò sí "o" níbẹ̀, kò sí "ẹ". "Ṣé fáìlì yẹn ti dé?" "Mítìn aago mẹ́wàá, ṣé ó ṣì dúró?" Mò ń yẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń yẹ kòtò lójú títì lóru. Ó rẹ̀ mí ju iṣẹ́ fúnra ẹ̀ lọ.

Òpin ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn ńkọ́, ẹ má bi mí. Mo sùn, mo jí, mo tún sùn. Aago méjì òru Sátidé mo dìde, mo kọ lẹ́tà pé mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, lẹ́tà tó dùn ún kà gan-an, mo fi pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà mi, mo pa dà sùn. Àwọn èèyàn sì ń fi ọ̀rọ̀ ìtùnú ránṣẹ́. "Ọlọ́run ní èyí tó dáa jùyẹn lọ." Bóyá lóòótọ́ ni, mi ò bá wọn jiyàn, àmọ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá létí, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ná.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló wá gbé ti Eisenhower dé. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọkùnrin yẹn lò tí kò kọjá ipò májọ̀ nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, láti 1920 títí di 1936, nígbà tó sì fi máa di 1944 òun ni olórí gbogbo ọmọ ogun tó lọ gúnlẹ̀ sí Normandy, ó tún wá di ààrẹ ní 1953. Òótọ́ ni, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo bi í pé ogun àgbáyé ló gbé Eisenhower ga, ṣé kí èmi náà wá máa gbàdúrà fún ogun ni? A jọ rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rẹ́rìn-ín dénú látọjọ́ Fúráìdè nìyẹn, torí náà ìtàn ẹ̀ wúlò, kì í kàn ṣe bó ṣe rò ó.

Èyí tó bá mi lára mu jù ni ti àwọn tó ń gba àmì ẹ̀yẹ òlíńpíìkì. Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá mẹ́ta kan, Medvec, Madey àti Gilovich, gbé ìwádìí jáde ní 1995. Wọ́n mú fídíò ìdíje òlíńpíìkì Barcelona ti 1992, wọ́n ní kí àwọn èèyàn wo ojú àwọn tó gba fàdákà àti àwọn tó gba idẹ, kí wọ́n sọ bí inú wọn ṣe dùn tó. Ẹni tó ṣe ipò kẹta ni inú ẹ̀ dùn ju ti ẹni tó ṣe ipò kejì lọ! Ẹni tó gba idẹ ń wò ó pé díẹ̀ ló kù kóun lọ sílé lọ́wọ́ òfo, ẹni tó gba fàdákà sì ń wò ó pé díẹ̀ ló kù. Ó parí. Díẹ̀ ló kù. Fàdákà ni mo gbà, ojú mi rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹni tó jókòó tì mí lọ́fíìsì náà du ipò yẹn o, wọn ò tiẹ̀ pè é wá dáhùn ìbéèrè, oorun ẹ̀ ò yingin.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tó lè lọ bá ọ̀gá àgbà. Ó dáa tí mo dúró, torí ká ní Mọ́ńdè àkọ́kọ́ ni mo lọ ni, ẹnu mi ì bá ti kó bá mi. Mo ní, "Sà, mi ò wá jà o, mo kàn fẹ́ mọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó lọ́wọ́ mi ni." Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "O ò sọ fún wa rí pé o fẹ́ ẹ. Ìwé tó o kọ fún ipò yẹn, ọjọ́ tó kẹ́yìn ló dé." Mo fẹ́ sọ pé ṣebí èmi ni mo ń ṣiṣẹ́ yẹn láti oṣù méjì, ṣe kì í ṣe pé mo ti sọ ọ́ nìyẹn? Mo gbé e mì. Mo ti rò pé iṣẹ́ á bá mi sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ò sì lẹ́nu. Ó wá bi mí pé, "Ìgbà wo lo gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì ṣe kẹ́yìn?"

Mo wo òkè àjà. Mi ò rí ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìjábọ̀ ọjọ́ Fúráìdè fún yín. Ìjábọ̀ kan wà tí a máa ń fi ránṣẹ́ sókè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, inú Excel ni mo ti ń ṣe é, ọdún mẹ́rin rèé, èmi nìkan ni mo mọ ibi tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ti ń wá. Mo máa ń fi yangàn. Tí mo bá lọ ìsinmi wọ́n á pè mí, màá ṣe bí ẹni tínú ń bí, inú mi sì ń dùn. Mi ò mọ̀ pé okùn ni mo fi ń so ara mi mọ́ àga tí mo wà. Ta ló fẹ́ gbé ẹni tí iṣẹ́ máa dúró tó bá kúrò níbẹ̀?

Mo tún lọ ka ìwádìí kan tí Benson, Li àti Shue gbé jáde ní 2019 lórí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tajà nílé iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé ẹni tó mọ ọjà á tà jù ni àwọn ilé iṣẹ́ máa ń fẹ́ sọ di máníjà, àmọ́ tí wọ́n bá dé ibẹ̀, ọwọ́ àwọn tó tajà jù yẹn gan-an ni àwọn ọmọ abẹ́ wọn kì í ti í ṣe dáadáa tó. Mo pariwo pé ẹ rí i, mo ti mú wọn, ẹni tó yẹ kọ́ ni wọ́n máa ń gbé ga! Àfìgbà tí mo tún un rò. Nínú ìtàn tèmi, ta lẹni tó mọ iṣẹ́ yẹn ṣe jù? Èmi kẹ̀. Mo pa kọ̀ǹpútà dé.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọ̀gá tuntun wá bá mi lórí ìjókòó mi, àwọn yòókù ti lọ jẹun. Kò jókòó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí tó báyìí." Ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń pín owó ìnáwó tíìmù, pé ṣé mo lè fi wákàtí kan ṣàlàyé ẹ̀ fún òun. Ó ń fi èékánná ha ẹ̀gbẹ́ fóònù ẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Inú mi ní kí n sọ pé lọ bi àwọn tó gbé ẹ síbẹ̀. Ó dé ẹnu mi, ó kù díẹ̀ kó jáde. Ohun tó jáde ni, "Fa àga wá. Kí lo tún bàjẹ́?" Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ṣì dùn mí o, ẹ má rò pé ó tán. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, tí a bá wà láwa méjì, "o" ni, tó bá di inú mítìn, "ẹ" ni, kò sẹ́ni tó pàṣẹ ẹ̀ fún wa.

Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgbà, dúdú lórí funfun, pé ipò tó bá tún ṣí mo fẹ́ ẹ. Mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọkùnrin kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa ní ìjábọ̀ ọjọ́ Fúráìdè. Èyí tó kọ́kọ́ dá ṣe, ó fi ìlà kan sí ibi tí kò yẹ, gbogbo àròpọ̀ dàrú. Ibi tí mo jókòó sí ni mo ti rí i. Mo fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan mi, mo jókòó lé wọn. Aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú ló tó rí i fúnra ẹ̀, ó kígbe "áà!", ó tún un ṣe, ó fi ránṣẹ́.

Lẹ́tà aago méjì òru yẹn ṣì wà níbi tí mo fi sí. Mo ṣí i lánàá. Mo rí àṣìṣe kan ní ìlà kẹta, mo tún un ṣe, mo tì í padà.