Ẹja epìyà àti ọ̀rọ̀ aṣojú Amẹ́ríkà

Mo ń dúró kí màmá kan bá mi pa ìpẹ́ ẹja epìyà lọ́jà Olúwo, l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ níbí, làwọn ọmọkùnrin tó ń ta yìnyín bá dá ọ̀rọ̀ James Hormel sílẹ̀. Ọkùnrin tí kò fi bò rárá pé ọkùnrin bíi tòun lòun ń fẹ́, tó ṣe aṣojú Amẹ́ríkà ní Luxembourg.

Bàbá kan fariga. Wọ́n ní kí wọ́n dán irú ẹ̀ wò níbí, níbi tí òfin 2014 ti ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ọkùnrin tó bá bá ọkùnrin ṣègbéyàwó! Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní, "Bàbá, Amẹ́ríkà gan-an ò kọ́kọ́ gbà." Òótọ́ ni. 1997 ni Ààrẹ Clinton ti fa Hormel kalẹ̀, àwọn sẹ́nétọ̀ kan dí i lọ́nà, àfìgbà tí ilé aṣòfin lọ sinmi ní 1999 kí Clinton tó yàn án.

Màmá ò dáwọ́ dúró. Ìpẹ́ kan lẹ̀ mọ́ gíláàsì ojú wọn, wọn ò tiẹ̀ nù ún. "Ṣé òun ló ń fún èèyàn ní físà? Kó ṣáà fún ọmọ mi."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi bàbá. (Èmi ò rò pé màmá fara mọ́ ọn o. Físà ló ká wọn lára.)

Ládùúgbò tiyín ńkọ́, kí lẹ ti gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ?